Ẹja Òkun Lọ́jà Kàbbà

Kàbbà tiwa, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kì í ṣe ìlú etí òkun. Ẹni tó bá wọkọ̀ níbí ní ìdájí, tó gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ lọ sí Èkó, oòrùn á ti fẹ́ wọ̀ kó tó fojú kan omi iyọ̀. Síbẹ̀, ẹ wọ ọjà wa lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ rìn dé ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ẹ ó rí ṣàwá yíyan tí wọ́n tò sínú apẹ̀rẹ̀, edé nínú àpò, Titus nínú páálí tí omi yìnyín ti rẹ, pańla tí wọ́n fi ayùn gé. Àwọn ẹja odò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àrọ̀, epìyà àti òbókún láti Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú bàǹdá tí àwọn Hausa ń kó sọ̀kalẹ̀ láti ìhà Adágún Chad. Láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú, ẹja tó ti rìn jìnnà ni a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi ń jẹ iyán.

Èmi fúnra mi ń sin àrọ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èyí tí kò bá rẹ́ni rà ní tútù, mo máa ń yan án. Ibẹ̀ ni mo ti di ẹni tó ń wá ìwé kà lórí ẹja yíyan, tí mo sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí etí òkun ń ṣe gan-an. Ohun tí mo kà wú mi lórí. Ó tún bí mi nínú díẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tiwa ní Nàìjíríà wà ní Victoria Island l'Ékòó, ní ìhà ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bar Beach nígbà kan. NIOMR ni wọ́n ń pè é, ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ju ẹja nìkan lọ. Wọ́n ń wo bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ etí rẹ̀, bí ìgbì ṣe ń rìn, ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, irú ẹja tó ṣì pọ̀ àti irú èyí tó ń tán lọ. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Buguma ní ìpínlẹ̀ Rivers àti ní Sapele ní Delta. Ọ̀rọ̀ sísin ẹja ni ti Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, dá lé lórí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn ni ti àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja lẹ́yìn tó ti kú.

Nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò tíì pẹ́ tó kú tí omi inú ìfun rẹ̀, èyí tó ń lọ oúnjẹ fún un láyé, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òun alára. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára awọ rẹ̀ àti lábẹ́ etí rẹ̀ á wọ inú ẹran lọ. Ọ̀rá rẹ̀ á máa kan. Ooru ilẹ̀ wa ń mú gbogbo rẹ̀ yá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọgbọ́n tí aráyé fi ń dá a dúró ni kí a mú un tutù, kí a fi iyọ̀ sí i, tàbí kí a fa omi ara rẹ̀ kúrò. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara àrọ̀, tàbí kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, omi ni. Ẹni tó ń yan ẹja, omi ló ń lé jáde, èéfín kàn ń bá a ṣe ẹ̀ṣọ́ ni, ó ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn, ó sì ń lé eṣinṣin.

Àwọn òyìnbó náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ilé ìwádìí kan wà ní Aberdeen, ní Scotland, tí wọ́n ń pè ní Torry. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì tì í pa ní 1996. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ààrò kan ní 1939 tó ń fi fáànù darí èéfín àti afẹ́fẹ́ gbígbóná, kí ẹja tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ lè gbẹ dọ́gba. Kó tó dìgbà náà, ojú ni àwọn ayanja Scotland fi ń díwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é títí dòní. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé tiwọn náà máa ń jóná.

Ṣùgbọ́n ààrò tó wù mí jù wà nítòsí wa ju ìyẹn lọ. Chorkor jẹ́ àdúgbò àwọn apẹja ní Accra, ní Ghana. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ àti àwọn onímọ̀ láti ilé iṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ ti Ghana pẹ̀lú FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, jọ jókòó sídìí iná, wọ́n sì jọ ṣe ààrò tuntun. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, onígun mẹ́rin, ẹnu iná wà níwájú. Wọ́n wá kan férémù onípákó tí wọ́n na wáyà oníhò sí, wọ́n ń to ẹja sínú rẹ̀, wọ́n ń gbé férémù kan lé orí èkejì. Àwọn férémù náà fúnra wọn ló di ògiri tó ń gbé èéfín lọ sókè. Bí ẹja ìsàlẹ̀ bá fẹ́ jù, obìnrin náà á kàn gbé férémù ìsàlẹ̀ lọ sókè, á gbé tòkè wá sísàlẹ̀. Igi tó ń jẹ kò pọ̀, ẹja tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan pọ̀ gan-an. Ó tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ tó sì ń jẹ́ títí dòní ni orúkọ àdúgbò àwọn obìnrin yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó fi orúkọ tirẹ̀ bò ó.

Ní nǹkan bí ọdún 2008, wọ́n tún un ṣe sí i ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar ní Senegal. Ọ̀rọ̀ èéfín ló fà á. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ní àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PAH nínú, àwọn kan nínú wọn sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Láti 2014, òfin Yúróòpù sọ pé benzo(a)pyrene, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kìlógíráàmù kan ẹja yíyan. Ààrò Thiaroye fi àwo gba ọ̀rá náà kó má bàa dé orí èédú, èéfín sì ń wá láti ibòmíràn lẹ́yìn tí ẹja bá ti jinná tó sì ti gbẹ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa rẹ́rìn-ín: ta ló fẹ́ fi àrọ̀ Kàbbà ránṣẹ́ sí Yúróòpù? Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa àti ẹ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan náà ni.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí. Gbogbo ìwádìí tí mo kà, látorí ti Torry títí dé ti Thiaroye, ibi tí ẹja bá ti kúrò nínú ààrò ni púpọ̀ nínú wọn ti ń parí. Ẹja ti gbẹ, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti yà á ní fọ́tò, ó tán. Àmọ́ ọjọ́ méjì péré ni ẹja ń lò nínú ààrò, bó bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ àti inú àpò ni yóò ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù, ní ìlú tó jìnnà sí omi, lọ́wọ́ obìnrin tí ẹnì kankan kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi wà nínú àwọn obìnrin yẹn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà ń pè é, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ta ẹja ní Kàbbà. Ẹ wá wo bó ṣe ń ra ọjà lọ́wọ́ alájàpá. Alájàpá á ti máa sọ̀rọ̀ lọ bó ti ń já ẹrù, á máa búra, á máa pe ẹja náà ní góòlù. Ìyá Ẹlẹ́ja kò ní dá a lóhùn. Á mú àrọ̀ kan tí wọ́n ti ká ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, á gbé e sétí, á mì ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí nǹkan bá dún ṣẹrẹṣẹrẹ nínú rẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹran ti nípọn jù. Bó bá rọ̀, iná òde nìkan ló mú un, omi ṣì wà nínú. Lẹ́yìn náà á tẹ́ bébà sílẹ̀, á gbọn ẹja náà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyẹ̀fun bá jábọ́, tí awọ ìdin onírun wà nínú ìyẹ̀fun náà, á yí bébà sí ojú alájàpá.

"Ẹ gbé eléyìí fún ẹni tó ń sin adìẹ."

Kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Dermestes ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Dúdú ni, ó kéré, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹ ẹja jù, onírun ni, bó sì ti ń dàgbà ló ń bọ́ awọ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹja tó dára lójú lè ti di ihò nínú. Kòkòrò kejì wà tí ara rẹ̀ ń dán bí aró, Necrobia, ìyẹn náà mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹja dáadáa. Wọn kò nífẹ̀ẹ́ iyọ̀. Ẹja tí wọ́n bá rẹ sínú omi iyọ̀ dáadáa kí wọ́n tó yan án, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ta ẹja oníyọ̀ fún àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun tiwa níbí kí ẹ wò ó! Wọ́n á ní ẹ ti ba ọbẹ̀ àwọn jẹ́ kí wọ́n tó sè é. Ooru náà ń pa ìdin, ìdí nìyẹn tí Ìyá Ẹlẹ́ja fi máa ń tún ẹja yá iná lálẹ́ bí ọjà bá ti tú. Èédú díẹ̀, kì í ṣe iná ńlá, kí ó má bàa korò. Ọgbọ́n yẹn, kò kà á nínú ìwé kankan, àwọn ilé ìwádìí sì fara mọ́ ọn.

Ìgbà òjò ni wàhálà. Ẹja tó gbẹ kanrankanran ní oṣù kejì, bó bá fi máa di oṣù keje, ó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ti rọ̀, èébù funfun ti ń yọ lára rẹ̀. Bí ẹlẹ́ja bá wá kó o sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó dì í pa nígbà tí ẹja ṣì gbóná, omi á há sínú rẹ̀, á sì tún burú sí i. Tó bá sì fi í sílẹ̀ láìbò, kòkòrò ń bọ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ń lo apẹ̀rẹ̀ tí ó fi bébà pálí tẹ́ nínú, ó ń gbé e sókè níbi tí èéfín ilé ìdáná ń gbà. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí onímọ̀ kan bá wa wò. Ó yẹ kí a mọ bí ẹja ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ tó kó tó wọ inú ọ̀rá. Ó yẹ kí a mọ ìgbà tó yẹ kí a tún un yá iná ní oṣù keje, kì í ṣe ní oṣù kejì. Apẹ̀rẹ̀ ni àbí ike tó ní ìdérí? Kò sí èyí tó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá nínú wọn. Ìwọ̀n kan, ohun tí a fi ń wọn ooru, ìwé kan àti ẹni tó ní sùúrù láti máa wá sọ́jà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé níbi tí ìmọ̀ kò bá dé, ohun mìíràn á dé ibẹ̀. Àwọn kan wà tó ń wọ́n oògùn apakòkòrò inú ilé sára ẹja kí Dermestes má bàa jẹ ẹ́. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyẹn. Iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti ọmọ ènìyàn. Ní 2019, NAFDAC ka títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké léèwọ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá tú àpò ẹja tí eṣinṣin kan kò bà lé e, òun kì í béèrè iye rẹ̀ mọ́.

Ti inú yìnyín tún yàtọ̀. Titus jẹ́ ẹja ọlọ́ràá, inú òkun tútù ni wọ́n ti ń pa á, inú yìnyín ló sì gbọ́dọ̀ wà títí tó fi máa dé ìkòkò. Ní ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó bá wù ú, ó máa ń yọ́, ó tún máa ń dì, ó tún yọ́. Bó bá ti wà nínú ooru pẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ohun kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine. Ibi tó burú sí ni pé ooru iná kì í pa histamine. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in, ó wà níbẹ̀. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ, wọ́n á sì ní ẹja òyìnbó kò bá a lára mu. Kí ló kan ẹja òyìnbó nínú rẹ̀?

Ó yẹ kí n dárúkọ odò wa náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé aṣálẹ̀ ni ìwọ̀ oòrùn Kogi. Lọ́kọ́ja ni Ọya àti Benue ti pàdé. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wà lẹ́bàá omi, àwọn Kakanda sì ti fi odò ṣe ilé àti oko. Ilé ìwádìí tó ń bójú tó irú omi bẹ́ẹ̀ wà ní New Bussa, ní ìpínlẹ̀ Niger. NIFFR ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ìwádìí lórí adágún Kainji ló bí i ní 1968, ó di ilé iṣẹ́ ìwádìí ní 1975, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 1987. Ọdún 1968 yẹn náà ni wọ́n parí ìdídò Kainji. Ẹja máa ń yé sí ilẹ̀ tí omi bá kún bò, nígbà tí wọ́n sì dí odò, omi kò kún bí ó ti ń kún mọ́, ẹja tí àwọn apẹja ń rí láàárín Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja dín kù gan-an. Nígbà tí omi wá kún ní 2012 àti ní 2022, ó kún kọjá ẹ̀tọ́, ó wọ ilé, ó wọ ọjà, àrọ̀ inú adágún ẹlòmíràn sì bá omi lọ.

Nítorí náà, ẹja tí a ń sìn lẹ́yìnkùlé ti wá di pàtàkì. FAO sọ pé ní 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn tí aráyé ń sìn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń pa lódò àti lókun lọ: mílíọ̀nù 94.4 tọ́ọ̀nù ni ti sísìn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti irú ẹ̀yìnkùlé tèmi. Ẹja kò ní etí òkun kan pàtó mọ́, síbẹ̀ etí òkun ni ìmọ̀ nípa títọ́jú rẹ̀ pọ̀ sí.

Àwọn ìlú kan nítòsí wa ti gba ààrò. Mo mọ ibì kan tí wọ́n ti gbé ọ̀kan wá, onírin, ó tóbi, ó ń dán. Kí ó tó kún, ó fẹ́ ẹja tó pọ̀ ju èyí tí obìnrin kan lè rà lọ. Gáàsì ló ń lò, gáàsì sì wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í yan ẹja. Ewúrẹ́ ń sá òjò lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bá àwọn obìnrin ibẹ̀ jókòó sídìí iná bíi ti Chorkor kí wọ́n tó jó irin náà pọ̀.

Mi ò ní kí NIOMR kó wá sí Kàbbà. Òkun ni tiwọn. Ṣùgbọ́n NSPRI wà ní Ìlọrin, iṣẹ́ wọn sì ni bí irè oko ṣe máa pẹ́ láìbàjẹ́. Ọdún 1948 ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn náà ti ṣe ààrò ìyanja tiwọn. Láti Ẹ̀gbẹ̀, Ìlọrin kò jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga sì wà nínú Kàbbà níbí, ẹni tó bá gun ọ̀kadà á ti dé ọjà kó tó mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lè máa wọn ẹja Ìyá Ẹlẹ́ja láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, apẹ̀rẹ̀ kan, ike kan, àpò kan, ohun tó máa kọ sílẹ̀ á wúlò fún gbogbo ọjà láti ibí dé Ìsánlú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. "Okun o, Màmá," mo kí i, mo jókòó sórí àpótí, mo ṣàlàyé fún un pé bóyá àwọn onímọ̀ kan lè wá máa wo ẹja rẹ̀, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ká ìrù àrọ̀ bọ ẹnu lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n á ra èyí tí wọ́n bá wọ̀n?"

Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rà á.

"Kí wọ́n máa bọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n má wá lọ́jọ́ ọjà o. Ta ni yóò ráyè tiwọn?"